Ìtọ́jú Alùpùpù

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń gun alùpùpù ni ó lè sọ iye tí wọ́n rà á láì ronú rárá, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè iye kìlómítà tí ó ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé wáyà aago tí ń ka ìrìn ẹ̀rọ náà ti já lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó rántí àtitún un ṣe. Aago tí ó kú dàbí ohun kékeré, nítorí pé kì í dá ẹ̀rọ dúró lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ìwé ìṣirò alùpùpù. Oníṣòwò tí kò ní ìwé ìṣirò yóò kàn máa náwó ni. Ọjọ́ tí gbèsè bá dé ni yóò tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Alùpùpù tí à ń wí kì í ṣe èyí ńlá tí àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣíwájú ọkọ̀ àwọn ìjòyè, kì í sì í ṣe èyí tíńtín tí kò lè gbé ju ẹnì kan lọ. Èyí tí ó wà láàárín ni, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 125 tàbí 150 cc, tí ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé, tí ó ń gbé iṣu bọ̀ láti oko, tí ó sì ń gbé èrò láti oríta dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ohùn rẹ̀ ni àwọn baba gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní alùpùpù. Ọ̀kadà tí àwọn èwe ìwòyí ń pè é, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air ni, tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Ilé-iṣẹ́ náà kò sí mọ́. Orí táyà méjì ni orúkọ rẹ̀ kù sí.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ ìwà àwọn tí ń gùn wọ́n. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Honda ní Jàpáànù ṣàkíyèsí pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru, wọn a máa di ẹrù tí ó pọ̀ jù lé alùpùpù, wọn kì í sì í ṣètọ́jú rẹ̀ lákòókò. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe CG125. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti fáàfù rẹ̀ dípò ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fi irin bo ṣéènì ẹ̀yìn rẹ̀ yí ká kí eruku má baà dé ibẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ṣe àwòkọ ẹ́ńjìnnì yìí lọ́pọ̀ yanturu, oríṣiríṣi orúkọ ni ó sì ń jẹ́ ní Nàìjíríà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lára ọ̀pọ̀ àwòkọ náà, gbangba ni ṣéènì wà. Ohun tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni pé ẹ̀rọ tí a dìídì ṣe fún aláìbìkítà pàápàá kò lè ṣe láìsí ọ́ìlì tuntun.

Ìwé tí ó máa ń bá alùpùpù tuntun wá a máa sọ ìgbà tí ó yẹ kí a ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ kì í pẹ́: láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà ni a ó ti dà á nù, nítorí pé irin tuntun a máa ha ara wọn, ìyẹ́rí wọn a sì wà nínú ọ́ìlì náà. Lẹ́yìn èyí, iye tí ọ̀pọ̀ ìwé ń dá wà láàárín 3,000 sí 5,000 kìlómítà. Bí a bá fi 3,000 ṣe òdiwọ̀n, olùkọ́ tí ilé rẹ̀ fi kìlómítà 6 jìnnà sí ilé-ìwé ń rin 12 lójúmọ́, ìyẹn ni 60 lọ́sẹ̀. Yóò gbà á ní àádọ́ta ọ̀sẹ̀ kí ó tó pé 3,000. Ọlọ́kadà tí ó ń rin 100 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ń rin 600 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ra alùpùpù lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì fẹnu kò pé ọdọọdún ni àwọn yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì, ọ̀kan ṣe dáadáa, èkejì yóò ti ba ẹ̀rọ tirẹ̀ jẹ́ kí ọdún tó yí po.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àwọn ìwé náà tún máa ń kìlọ̀ pé ibi tí eruku bá ti pọ̀, tàbí tí ẹrù bá wúwo, kí a má ṣe dúró dé iye tí a dá. Ta ni kò mọ̀ pé eruku àti ẹrù ni gbogbo ayé ọlọ́kadà? Bí ó bá pín 3,000 náà sí méjì, tí ó mú 1,500, kò ṣe àṣejù. Olùkọ́ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ́ìlì kan kọjá ọdún kan nínú ẹ́ńjìnnì, ìbáà má tilẹ̀ tíì pé iye, nítorí pé ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó láti lé omi tí ó bá kóra jọ sínú ọ́ìlì jáde.

Ọ́ìlì alùpùpù kò ju bí lítà kan lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe pọ̀. Òun kan náà ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, òun ni jíà ń yí nínú rẹ̀, òun náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Jíà rẹ̀ ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí èyí, bí a bá rọ irú ọ́ìlì ọkọ̀ tí a fi èròjà mú yọ̀ púpọ̀ sínú alùpùpù, kílọ́ọ̀ṣì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnnì yóò máa ké tantan lórí òkè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ní í kọbi ara sí i. Ọ́ìlì tí a ṣe fún alùpùpù máa ń ní àmì JASO MA lára ike rẹ̀, àmì náà sì tó wò kí a tó sanwó. Ọ̀tá tí ó burú ju ìyẹn lọ ni ọ́ìlì tí a ti lò rí, tí a sẹ́, tí a tún rọ sínú ike tuntun. Ẹni tí ó rà á nítorí pé ó dínwó ra òógùn ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a ń da ọ́ìlì rẹ̀ nù, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Nígbà tí a bá ń wọn tuntun, alùpùpù gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kì í ṣe kí ó fẹ̀gbẹ́ ti ẹsẹ̀ kan, nítorí pé ọ̀pá ìwọn yóò purọ́. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ni a kì í sì í yí ọ̀pá ìwọn wọn wọlé nígbà tí a bá ń wọn ọ́ìlì. A kàn ń gbé e lé ojú ihò ni. Àwọn kan a máa wo àwọ̀, wọn a ní ọ́ìlì ti dúdú, ó ti bàjẹ́. Àwọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbára lé. Ọ́ìlì a máa tètè dúdú nítorí pé ó ń fọ ẹ́ńjìnnì. Iye tí ó ti rìn ni kí a bèèrè.

Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì ní ìdákẹ́jẹ́ ni eruku. Kí afẹ́fẹ́ tó wọlé ni ó ti ń gba inú fítà kọjá, bí ẹni ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Tí fítà bá dí, ẹ̀rọ yóò máa jẹ epo, kò sì ní í lágbára. Nígbà náà ni aláìmọ̀kan kan yóò gbani nímọ̀ràn pé kí a yọ fítà sọnù kí ẹ̀rọ lè mí dáadáa. Yóò mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn ni yóò máa mí sínú, iyanrìn náà yóò sì máa ha ara ibi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, títí èéfín búlúù yóò fi máa jáde lẹ́yìn. Bí fítà bá jẹ́ ti tìmùtìmù, omi ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́. A ó sá a kí ó gbẹ, a ó ta ọ́ìlì mímọ́ díẹ̀ sí i, a ó sì fún un dànù. A kì í fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí iná. Bí ó bá jẹ́ ti bébà, gbígbọn tàbí pípààrọ̀ ni.

Ṣéènì kò fi nǹkan pamọ́. Gbangba ni ó wà, gbangba ni ó sì ń gbó. Ní bí 500 kìlómítà sí ara wọn ni ó yẹ kí a fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì nù ún, kí a tó ta ọ́ìlì sí i. A ó pa ẹ́ńjìnnì kí a tó ṣe èyí, ọwọ́ ni a ó sì fi máa yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó fi ẹ́ńjìnnì yí i nígbà tí ìka rẹ̀ wà nítòsí ń fi ìka ṣeré ni. Láti mọ bí ó ti le tó, a ó fi ìka gbé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè sódò ní agbedeméjì. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù irú èyí, mílímítà 20 sí 30 ni ó yẹ kí ó fi rìn, bí ìbú àtàǹpàkò àgbàlagbà tàbí díẹ̀ lé. Kò gbó dọ́gba, nítorí náà a ó yí ẹsẹ̀ náà, a ó sì wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a fà á le. Bí èrò méjì bá gun ẹ̀yìn, ṣéènì a tún le sí i. Èyí tí ó ti le tẹ́lẹ̀ yóò wá máa fa béárìn jíà ya, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ já. Èyí tí ó dẹ̀ jù ní tirẹ̀ lè bọ́, kí ó wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lórí eré. Ibi tí a ti so ó pọ̀ ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ là: orí rẹ̀ tí ó dí ni kí ó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń sáré lọ, kí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ó bá gbé e sódì ti sọ ìrìn-àjò di tẹ́tẹ́.

Nípa ti bíréèkì, ọ̀rọ̀ náà kọjá owó. Àwọn kan ń bẹ tí ẹ̀rù bíréèkì iwájú ń bà, tí wọ́n sì ti tú wáyà rẹ̀, wọ́n ní ó ń da ènìyàn nù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo èrò inú ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá dúró lójijì: iwájú ni gbogbo wọn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwúwo alùpùpù àti ti ẹni tí ó gùn ún ṣe ń lọ sí iwájú, tí táyà iwájú fi ń di ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹni tí ó tú bíréèkì iwájú ti tú èyí tí ó lágbára jù nínú méjèèjì. Ohun tí ń da ènìyàn nù ni kí a gbá a mú lójijì, pàápàá lórí iyanrìn tàbí ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá tẹ méjèèjì pọ̀, tí ó sì ń fún ti iwájú díẹ̀díẹ̀, kì í ṣubú bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó pọn ọmọ, tí ó sì gun ẹ̀yìn ọlọ́kadà nínú òjò, kò ní ọ̀nà àtimọ̀ pé wáyà bíréèkì iwájú wà ní kíká mọ́ apá alùpùpù náà bí okùn tí a fi di ẹrù.

Lára ọ̀pọ̀ bíréèkì tí a ń fi wáyà tàbí ọ̀pá fà ni a ti rí àmì ọfà kékeré kan lẹ́bàá ẹsẹ̀. Bí ọfà náà bá dé ojú àmì òpin nígbà tí a tẹ bíréèkì, ṣúù rẹ̀ ti gbó. Èyí tí ó ń lo omi bíréèkì, ọdún méjì méjì ni kí a máa pààrọ̀ omi náà, nítorí pé a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí ó bá sì gbóná, omi náà lè hó, kí ọwọ́ bíréèkì di òfìfo. Ògún kò sì gba ajá dípò ṣúù bíréèkì.

Ìyókù kò gba àkókò. Púlọ́ọ̀gì tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìkòkò àmọ̀ dára. Èyí tí ó dúdú bí èédú ń sọ pé epo ti pọ̀ jù, èyí tí ó funfun ń sọ pé ooru ti pọ̀ jù. Fáàfù, ẹ́ńjìnnì tútù ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó dẹ̀ a máa pariwo, èyí tí ó le jù kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n iná ni ó ń jó o nínú ibẹ̀, nítorí náà ariwo díẹ̀ sàn ju ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ. Láràárọ̀, kí táyà tó gbóná, a ó wo afẹ́fẹ́ rẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìṣó wà lára rẹ̀. A ó tan iná ẹ̀yìn wò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ó fi sípánà kan àwọn wáyà ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: èyí tí ó dún bí agogo le, èyí tí ó dún bí igi ti dẹ̀.

Níbi tí ìtọ́jú ti ń ṣòro jù ni ibi tí ẹni tí ó ni alùpùpù kì í ti í ṣe ẹni tí ń gùn ún. Olówó rẹ̀ ń retí owó ojoojúmọ́. Ẹni tí ń gùn ún ń wá oúnjẹ òòjọ́. Oníkálukú ń rò pé ẹnì kejì ni ó ni ọ́ìlì rírà. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ yékéyéké ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi kọ́kọ́rọ́ lé ara wọn lọ́wọ́: ta ni yóò ra ọ́ìlì, ta ni yóò ra táyà, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò sinmi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìsan owó ọjọ́ náà.

Ẹni tí aago rẹ̀ ti kú, tí kò sì tíì rówó wáyà, kò ṣàì ní ohun tí yóò fi ṣírò. Bí ó bá ti mọ̀ pé lítà epo kan ń gbé òun rin bí 40 kìlómítà, nígbà náà lítà 38 jẹ́ nǹkan bí 1,500. Kí ó fa ìlà kan sínú ìwé kékeré fún lítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá rà nílé epo. Nígbà tí ìlà bá pé méjìdínlógójì, kí ó wá ibi títẹ́jú, kí ó gbé àwo sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó sì tú nọ́ọ̀tù rẹ̀. Ọ́ìlì tí ó bá dà jáde, inú gálọ́ọ̀nù ni kí ó rọ ọ́ sí, kì í ṣe gọ́tà tí ó ń ṣàn lọ sí odò.