Iṣẹ́ Tí A Kò Fi Owó Rà

Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé lónìí ni a ti ń rí ẹnì kan tí ó ń kàwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àti ọmọ títọ́. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ẹ̀rí yìí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láti parí iṣẹ́ ìwé tí ó le láìba orúkọ Kristi jẹ́.

London ni àwa tọkọtaya ń gbé pẹ̀lú ìbejì wa. Bàbá ń wa bọ́ọ̀sì, Ìyá sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá ni ó forúkọ sílẹ̀ fún oyè másítà nínú iṣẹ́ amòfin, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni ó ru ẹrù rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kírẹ́díìtì 180 ni irú oyè bẹ́ẹ̀. Ìyá ti gba 120 nípa ẹ̀kọ́ àti ìdánwò lórí bí amòfin ṣe ń kọ ìwé àdéhùn, bí ó ṣe ń gba oníbàárà nímọ̀ràn, àti bí ó ṣe ń tọ́jú owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Àpilẹ̀kọ ìkẹyìn ni 60 tí ó kù: ọ̀rọ̀ 12,000 tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dá kọ fúnra rẹ̀. Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni a gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.

YÍYAN ORÍ Ọ̀RỌ̀

Ilé àwọn arúgbó tí Ìyá ti ń ṣiṣẹ́ ni ó bí orí ọ̀rọ̀ náà. Ènìyàn kì í pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogún kì í jìnnà sí ẹnu àwọn ọmọ. Ìbéèrè tí Ìyá mú ni pé, bí ọmọ bá mú bàbá rẹ̀ tí ó ti darúgbó lọ sí ọ́fíìsì amòfin láti kọ ìwé ìhágún, èyí tí a ń pè ní wíìlì, báwo ni amòfin yóò ṣe mọ̀ pé ohùn bàbá ni òun ń gbọ́, kì í ṣe ohùn ọmọ?

Ó wù wá kí a fi ọ̀rọ̀ ilé kún un. Ta ni kò mọ ìdí-igi, níbi tí a ti ń pín ogún gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó, àti orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba tirẹ̀? Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole lórí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé iwájú Privy Council ní London ní ọdún 1962, níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ sí ìdí-igi. Ṣùgbọ́n alábòójútó iṣẹ́ náà gba Ìyá níyànjú pé ọ̀rọ̀ 12,000 kò gba òfin ilẹ̀ méjì, kí ó mú ìbéèrè kan ṣoṣo kí ó sì wa á dé ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ti wí i pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ìmọ̀ràn yìí ṣe wá láǹfààní púpọ̀.

Òfin wíìlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti ọdún 1837. Ó béèrè pé kí wíìlì wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹni tí ó ni ín fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì sì jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́rìí kò lè jẹ nínú ogún tí ó jẹ́rìí sí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Banks àti Goodfellow ní ọdún 1870, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tí ń kọ wíìlì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe, kí ó mọ bí ohun ìní rẹ̀ ṣe tó, kí ó sì rántí àwọn tí ó yẹ kí ó rántí. Láti ọdún 1975 ni adájọ́ kan ti gba àwọn amòfin nímọ̀ràn pé, bí oníbàárà bá jẹ́ arúgbó tàbí aláìsàn, kí wọ́n pe dókítà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ní àkókò àrùn kòrónà, òfin gba ẹlẹ́rìí láàyè láti máa wò ó lórí fídíò. Àyè náà parí ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Nígbà tí Ìyá ń kọ̀wé, àyè náà ṣì wà, ó sì lo orí kan láti béèrè pé: ta ni ó dúró sí ẹ̀yìn kámẹ́rà tí ẹlẹ́rìí kò rí?

ÌDÁNWÒ DÉ

Ní ìparí oṣù keje, Màmá wa ṣubú ní Iléṣà, eegun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Owó tí a kó jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Lórí tẹlifóònù ni Ìyá ń wà ní gbogbo wákàtí tí ó yẹ kí ó fi kọ̀wé. Nígbà tí ó fi di àárín oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ 6 péré ni ó kù, ọ̀rọ̀ 4,000 ni ó sì wà nílẹ̀.

Ní àsìkò yìí ni ojúlùmọ̀ wa kan wá kí wa. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ má pa ara yín. Mo mọ ẹnì kan tí ó ń bá àwọn ènìyàn kọ ọ́. Ẹ san owó, kí ẹ lọ sùn. Ọlọ́run kúkú mọ̀ pé ẹ ti gbìyànjú.” Kò fi ibi sọ ọ́, àánú wa ni ó ń ṣe é.

Nígbà tí ó lọ tán, a jókòó láìsọ̀rọ̀. Ìyá ni ó kọ́kọ́ lanu. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, iṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí ń béèrè bí a ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ti ọkàn ẹni tí ó fọwọ́ sí i wá. Ṣé kí èmi wá fọwọ́ sí ohun tí ẹlòmíràn kọ?” Bàbá ní, “Kí a kúkú fi í sílẹ̀ láìparí ju bẹ́ẹ̀ lọ.” A kúnlẹ̀, a sì gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kedere fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Láti ọdún 2022 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àjọ tí ń ṣàkóso àwọn amòfin níbẹ̀ a sì máa wádìí ìwà ẹni kí ó tó gbà á wọlé, títí kan bóyá ó ti ṣe màgòmágó nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí òfin kankan, ojú Olúwa ń wò wá.

BÍ A ṢE PARÍ RẸ̀

Ìyá kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́, ó fi ìwé ilé ìwòsàn Màmá ránṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ 2 kún àkókò rẹ̀. Ó dín iṣẹ́ alẹ́ kù láti 4 sí 2 lọ́sẹ̀. Owó ilé fà sẹ́yìn, Bàbá sì gba iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kún tirẹ̀. Láti aago 5 sí aago 7 òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ 500 ni Ìyá ń kọ lójúmọ́, ì báà dùn ún kà, ì báà má dùn. Ìwé tàbí ẹjọ́ tí ó bá kà, ọjọ́ náà gan-an ni ó ń kọ orúkọ àti ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá kò kọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Kíkà ni ó ń kà á sókè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ibi tí kò bá ti yé e, Ìyá a fa ìlà sí i, a sì tún un kọ. Àwọn ìyá ìjọ gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá, wọ́n sì ń mú àwọn ìbejì lọ sí ilé wọn lẹ́yìn ìsìn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní oṣù kẹwàá, iṣẹ́ náà wọlé, ó ku ọjọ́ 2 kí àkókò pé. Ní oṣù kejìlá, èsì dé: 63 nínú 100, níbi tí 50 ti jẹ́ àṣeyege. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni Màmá fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ògo ni fún Ọlọ́run! Kí ọdún tó yípo, àwa méjèèjì ti kọ wíìlì tiwa, nítorí a kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa méfò lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnu wa lè sọ.

Ẹ̀yin ará, nínú Lúùkù orí 14, Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, kí gbogbo ilé jókòó ṣírò rẹ̀: owó, oorun àti ẹni tí yóò se oúnjẹ. Bí ìṣòro bá dé láàárín rẹ̀, ẹ tètè sọ fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ sì sọ fún ìjọ. Ẹ má ṣe ra ohun tí Ọlọ́run lè fún yín ní agbára láti ṣe.

Olúwa yóò mú yín parí ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.