Yábà, Níbi Tí Wọ́n Ti Bá Ibà Pọ́njú Jìjàkadì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ojú wa sì ń bọ́ sórí Mákòkó: àwọn ilé pákó tí wọ́n dúró lórí òpó nínú ọ̀sà, èéfín ẹja tí àwọn ìyá ń yan, àwọn ọmọ kéékèèké tí ń tu ọkọ̀ bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn Ègùn tí wọ́n ti ìhà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Kútọnu wá ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ìlú apẹja. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, tí ó gba Adékúnlé wọ Yábà, kò ní pẹ́ dé Edmund Crescent, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti orílẹ̀-èdè wa wà, èyí tí a ń pè ní NIMR. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, inú ọkọ̀ wọn ni àwọn ènìyàn jókòó sí níbẹ̀ tí wọ́n fi gba àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ Kòrónà kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yábà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí ọmọ Yábà àti ọmọ Mákòkó lè sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ìdílé rẹ̀.

Ibà kan wà tí àwọn bàbá wa ń pè ní ibà pọ́njú, tí àwọn dókítà ń pè ní yellow fever. Ojú aláìsàn á pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á gbóná janjan. Bí ó bá le, á máa bì èébì dúdú, ikú kì í sì í jìnnà mọ́. Ibà yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn òyìnbó máa pe etí òkun wa ní sàréè aláwọ̀ funfun. Ìwádìí tí àwọn Amẹ́ríkà ṣe ní Kúbà ní ọdún 1900 ti fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ni ohun náà gan-an tí ẹ̀fọn ń gbé? Kò sí ẹni tí ó rí i. Dókítà Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní New York, sọ pé òun ti rí kòkòrò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́.

Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wádìí ọ̀ràn yìí. Dókítà Henry Beeuwkes ni olórí wọn, Yábà ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Ọdún kan kọjá, èkejì tún ń lọ, wọn kò rí nǹkan mú. Bí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí ara àwọn ẹranko, kì í ràn wọ́n. Ọ̀bọ ilẹ̀ wa pàápàá, ibà náà kì í ṣe é ní nǹkan kan tí ojú lè rí. Nígbà tí ó di ọdún 1927 ni wọ́n gbìyànjú irú ọ̀bọ tí ó ń ti Íńdíà wá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Asibi ni wọ́n ń pè é. Ẹni ọdún 28 ni, ó ń gbé ní Kpeve, ní ilẹ̀ Ewe tí ó wà nínú Ghana òde òní, níbi tí èdè wọn àti èdè Ègùn ti Mákòkó ti jẹ́ ìbátan. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 1927, ibà ń ṣe Asibi, ibà tirẹ̀ kò sì le púpọ̀. Dókítà Mahaffy, ọ̀kan nínú àwọn ti ìgbìmọ̀ náà, gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ọ̀bọ Íńdíà kan. Ọ̀bọ kú, Asibi ní tirẹ̀ gbádùn, ó sì dìde. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ náà fún òmíràn, ìyẹn náà ṣàìsàn. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn gbé e láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, ó ràn. Wọ́n fi asẹ́ tí kòkòrò lásán kò lè gbà kọjá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, síbẹ̀ ohun tí ó jò sílẹ̀ ṣì ń pa ọ̀bọ. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni, ohun tí ó kéré ju èyí tí awò ìgbà náà lè fi hàn, àti pé ohun tí Noguchi rí kọ́ ni.

Dókítà Adrian Stokes wà nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ ìwé ìwádìí náà, àwọn méjì yòókù ni Bauer àti Hudson. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Stokes ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni 40 ọdún. Nínú iṣẹ́ yìí ni ibà náà mú òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe òun, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn mu nínú rẹ̀, kí àìsàn òun má baà ṣòfò. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, kí ìwé náà tó jáde ní ọdún 1928. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ibà náà pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, kò sì pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ó pa Dókítà William Young tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1930, ó pa Theodore Hayne, onímọ̀ nípa ẹ̀fọn láti South Carolina, ní Èkó níbí. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ àjókòó-jẹun.

Kí ni ó wá ti inú gbogbo rẹ̀ jáde? Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni wọ́n gbé lọ sí òkè òkun. Dókítà Max Theiler, ọmọ South Africa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní New York, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí láti ìran dé ìran, títí ó fi di aláìlágbára tí kò lè pani mọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ́ ara bí yóò ṣe jà. Ní ọdún 1937 wọ́n kéde rẹ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1951. Àjẹsára yìí náà ni gbogbo ayé ṣì ń lò. Ó ti ju mílíọ̀nù 500 lọ tí wọ́n ti gún. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti mú káàdì pupa rúsúrúsú náà dání lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, yálà Jerúsálẹ́mù ni ó ń lọ tàbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, ó gbé nǹkan kan lára Asibi dání. (Bí dókítà bá ti gún yín lẹ́ẹ̀kan, ó tó fún gbogbo ọjọ́ ayé; òfin àjọ ìlera àgbáyé ti yí padà kúrò ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá láti ọdún 2016.)

Iṣẹ́ kò kú ní Yábà lẹ́yìn ìgbìmọ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni F. N. Macnamara wà ní ọdún 1954 tí ó fi kọ̀wé nípa Zika lára ènìyàn, nígbà tí gbogbo ayé kò tíì gbọ́ orúkọ àrùn náà. Yábà náà ni ìjọba ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú fúnra rẹ̀, títí wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1991 pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Ìlú tí a ti wádìí ibà yìí wá di ìlú tí ń ti òkè òkun ra abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ibà náà kò sì lọ: ó jà ní ìhà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1987, ó sì tún yọjú ní Kwárà ní ọdún 2017. Ẹ̀yin ìyá, oṣù kẹsàn-án ọmọ ni wọ́n ń gún un. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá.

Nísinsìnyí, báwo ni àwọn ẹlòmíràn ṣe ń rántí? Ní Accra, wọ́n tọ́jú yàrá tí Noguchi ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Korle Bu, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ńlá tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ti wà ní Legon láti ọdún 1979. Japan ya àwòrán rẹ̀ sórí owó wọn láti ọdún 2004 títí di ọdún 2024. Ọkùnrin tí kòkòrò rẹ̀ kì í ṣe òun nìyẹn o! N kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó kú sẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ sí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rí òtítọ́ náà, ibùdó wọn ni Yábà, ìlú wa.

Àwa ará Èkó mọ bí ilé ṣe ń parẹ́. Ìjọba ti kéde Ilojo Bar ní Tinubu Square ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ní ọdún yẹn kan náà, òjò ńlá wó ilé-ìwé orí omi ti Mákòkó tí gbogbo ayé ń wá ya fọ́tò rẹ̀, ilé tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ẹ̀wẹ̀, ẹ lọ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898. Àwọn ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, wọ́n kó fọ́tò àti irin-iṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ sínú rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ń lọ wò ó. Láti Yábà, ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ibẹ̀. Ohun tí a ṣe fún ọkọ̀ ojú irin, a lè ṣe é fún ìwádìí tí ó gba ẹ̀mí là.

Jóṣúà kó òkúta méjìlá jọ ní Gílígálì kí ọmọ lè béèrè, kí bàbá sì lè dáhùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Yábà kò tó òkúta méjìlá. Kí a tọ́jú ìwé, awò àti ilé tí ó bá ṣẹ́kù. Kí a kọ orúkọ sára ògiri kan: Stokes, Hayne, àti Asibi ní òkè pátápátá. Kí ẹnì kan sì máa mú àwọn ọmọ iléèwé Mákòkó wá, kí wọ́n rí ẹ̀fọn náà lábẹ́ awò. Ẹ̀fọn yìí, omi ọ̀sà kọ́ ni ó ń yé sí. Inú omi tí a pọn sílẹ̀ ni, nínú ìkòkò, dúrọ́ọ̀mù àti táyà àlòkù. Ní Mákòkó, níbi tí omi yí ilé ká ṣùgbọ́n tí omi mímu jẹ́ rírà, dúrọ́ọ̀mù pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí ó bá ti rí i lábẹ́ awò lọ́jọ́ kan, òun ni yóò máa dé e.

Ó ku àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé: àwọn tí ń bọ́ ọ̀bọ, àwọn tí ń mú ẹ̀fọn, awakọ̀, àwọn tí ń fọ ìgò. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì lè wà nínú ìjọ wa. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín bá ṣiṣẹ́ rí ní ọgbà àwọn oníwàádìí ní Yábà, ẹ ṣí àpótí tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá rí fọ́tò níbẹ̀, ẹ bi àgbàlagbà tí ó bá ṣì wà nílé pé ta ni wọ̀nyí, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.