Ta Ni Yóò Gbé Ọwọ́ Kóòṣì Sókè?

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé ni àwa kóòṣì bọ́ọ̀lù máa ń pàdé fún àdúrà, lórí fóònù. Orúkọ wa á máa yọ níkọ̀ọ̀kan: ẹni tó wà l'Ákùúrẹ́, ẹni tó wà l'Óǹdó, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, tí a ó máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Kóòṣì, ẹ kú ìrìn o." "Ẹ ṣé, kóòṣì. Òwẹ̀nà la wà yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já." Orin kan, àdúrà, ẹsẹ Bíbélì kan, lẹ́yìn náà a ó sọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí. Ìṣẹ́jú 40 ni Zoom ọ̀fẹ́ gbà, a ò sì sanwó kí ó lè gùn ju ìyẹn lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Oníwàásù tó bá mọ̀ pé ìṣẹ́jú 40 ni gbogbo ìpàdé ní kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè bi wá pé kí ló ṣe tí a ò fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì bí gbogbo ayé. Ọjọ́ Ìsinmi ni líìgì wa sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí àwọn ará ilé bá ń wọ aṣọ ìjọsìn, àwa á máa ka igo omi, a ó máa wo kókósẹ̀ ọmọ tó ní ó ń dun òun. Èmi tí màmá mi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin l'Óǹdó títí ó fi darúgbó, mo ti lo oṣù mẹ́ta gbáko rí láì jókòó lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkàn mi gbẹ. Mo sì ń bá àwọn ọmọdékùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀ ìgboyà lójoojúmọ́, láti inú ọkàn tó gbẹ yẹn.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2012, mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwa, Sunshine Stars, ti gba Al Ahly ti Íjíbítì lálejò nínú Champions League Áfíríkà, ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọ̀mì ni, góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta. Ní Íjíbítì, góòlù kan ṣoṣo ló dá wa padà sílé. Ohun tó kù lójú mi lọ́jọ́ náà ni ọwọ́ àwọn kóòṣì tó dúró létí pápá. Ọwọ́ wọn kò sinmi. Wọ́n ń nà án, wọ́n ń ká a, wọ́n ń gbé e lé orí. Mósè ló wá sí mi lọ́kàn. Ó dúró lórí òkè, ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, Jóṣúà àti àwọn ọmọ ogun ń bá Ámálékì jà nísàlẹ̀. Òun kò ju ọ̀kọ̀ kankan, àmọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ogun á yí padà. Árónì àti Húrì ló gbé òkúta fún un láti jókòó, tí wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ dúró títí oòrùn fi wọ̀. Mo wo etí pápá yẹn, mi ò rí Árónì, mi ò rí Húrì.

Ọdún 2016 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní oṣù Òkúdù, Stephen Keshi kú ní Benin, ẹni ọdún 54, kò tíì pé ọdún kan tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, Shuaibu Amodu kú ní ìlú kan náà, ẹni ọdún 58. Àwọn méjèèjì ló ti jẹ́ kóòṣì Super Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa. A ń pe ara wa ní fóònù lọ́sẹ̀ yẹn, olúkúlùkù ń béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń sùn dáadáa?" Kò sẹ́ni tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Amẹ́ríkà, kóòṣì kan bíi tiwa ti ro irú ẹgbẹ́ àdúrà báyìí jinlẹ̀ rí. Don McClanen, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Oklahoma, ló dá Fellowship of Christian Athletes, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni eléré ìdárayá, sílẹ̀ lọ́dún 1954. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Kòrónà ló bí i. Nígbà tí wọ́n dá líìgì dúró ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, tí pápá dákẹ́, ọ̀kan nínú wa tó mọ Zoom í lò fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Àdéhùn kan ṣoṣo la ní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbàdúrà pé kí ẹgbẹ́ òun borí. Ó ṣe tán, méjì nínú wa lè pàdé lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ni ká wá ṣe àmín fún? Mo gbà pé àdéhùn yẹn ló gbà wá là. Ìgbà tí a ò lè tọrọ góòlù mọ́ la tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ nílé bàbá kan l'Óǹdó, olùkọ́ eré ìdárayá ni. Ó fi tọ́ọ̀ṣì ti ara ògiri, ìdajì ojú rẹ̀ la rí, fèrè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó dákẹ́ títí a fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó wá ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà. Ọmọ kan wà tí mo bú lójú gbogbo ènìyàn. Kò wá mọ́." Arábìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin l'Ákùúrẹ́ ló dáhùn: "Bàbá, a ó gbàdúrà. Àmọ́ ẹ lọ sílé wọn lọ́la."

Ó lọ. Ó bá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó jókòó tì í lórí táyà, ó tọrọ àforíjì. Ọmọ náà ò tíì padà sí pápá. Bàbá ṣì ń yà síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àárín àdúrà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé bàbá lọ. A dákẹ́, a ń dúró. Orúkọ rẹ̀ tún yọ.

"Ẹ máa bá a lọ," ó ní. "Mo ti wọlé."