Ọkọ̀ Ọlọ́lá Tí Agbára Wa Ká

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí a ra ọkọ̀ Cadillac kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1978, nítorí pé ọkọ̀ náà kò ní aṣọ tuntun kankan mọ́. Awọ tí wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀ ti ń ṣí, irin dídán iwájú rẹ̀ ti dípẹtà ní igun kan, aago inú rẹ̀ sì ti dúró tipẹ́. Síbẹ̀, bí ó ti wà ní iwájú ilé obìnrin arúgbó tí ó tà á fún wa, ńṣe ni ó dà bí ìjòyè tí ó jókòó sí ojúde rẹ̀. A fẹ́ sọ ìdí tí a fi rà á àti ohun tí ó ná wa, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí lè rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Àwa mẹ́ta ni, ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan, ọmọ Kétu. Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ni ó gbé wa dé ìlú Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Bàbá wa fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún gbé èrò láti Kétu lọ sí Pobè àti Porto-Novo, Peugeot 404 ni ó kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ó wa 504. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń wẹ ọkọ̀ náà. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ tí kò mọ ohùn rẹ̀, èrò ni, kì í ṣe awakọ̀. Àwòrán ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀, èyí tí ó gé láti inú ìwé ìròyìn Faransé kan: ọkọ̀ gígùn, dúdú, tí ó ń dán bí omi odò lóru. A kò béèrè iye rẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé a lè rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé yóò ti mọ ìtumọ̀ orúkọ ìlú tí a ń gbé: «détroit» ni omi tóóró tí ó wà láàárín ilẹ̀ méjì. Ará Faransé kan, Antoine de la Mothe Cadillac, ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1701. Àmọ́ Antoine Laumet ni orúkọ tí wọ́n bí i mọ́. Ìgbà tí ó dé ilẹ̀ òkèèrè ni ó fún ara rẹ̀ ní orúkọ ọlọ́lá, ó sì ṣe àmì oyè fún ara rẹ̀. Nígbà tí Henry Leland àti àwọn olówó kan dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Detroit ní ọdún 1902, orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n mú, wọ́n sì gbé àmì oyè rẹ̀ lé iwájú ọkọ̀. Àwọn àgbà Kétu ì bá rẹ́rìn-ín: oyè tí kò sí ọba kankan tí ó fi í jẹ!

Kí ló wá mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́lẹ̀ títí agbára wa fi ká a? Nígbà tí ó jẹ́ tuntun, owó rẹ̀ tó nǹkan bí dọ́là 10,000, owó ńlá ni èyí nígbà náà. Sedan de Ville ni wọ́n ń pè é. Ó gùn tó mítà márùn-ún ààbọ̀ ó lé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ó ní sìlíńdà mẹ́jọ tó lítà 7, ìjókòó rẹ̀ sì rọ̀ bí àga inú ilé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí epo ti wọ́n ní ọdún 1973 ni ojú àwọn ènìyàn ti ń kúrò lára ọkọ̀ ńlá. Àwọn olówó tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń wá ti ọdún 1959 tí ìrù rẹ̀ ga bí lẹbẹ ẹja, tàbí èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Ọlọ́ìlẹ̀kùn mẹ́rin bíi tiwa pọ̀ nílẹ̀, wọn kì í jà lé e lórí. Dọ́là 6,000 ni a san, owó tí kò lè ra ọkọ̀ kékeré tuntun kan.

Ẹni tí ó bá ń ronú láti rà á kí ó lè tà á léèrè, kí ó rántí ọdún 1976. Ní ọdún náà, wọ́n kéde pé Eldorado aṣíjú ni yóò jẹ́ ọkọ̀ aṣíjú tí ó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan rà á, wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tọ́jú wúrà. Ní ọdún 1984, Cadillac fúnra rẹ̀ tún mú òmíràn jáde.

Obìnrin tí ó ta ọkọ̀ náà fún wa jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, opó ni. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Cadillac tí ó wà ní òpópónà Clark ní Detroit, èyí tí wọ́n tì pa ní ọdún 1987. Ó sọ fún wa pé irú ọkọ̀ tí ọkọ òun ń fi ọwọ́ rẹ̀ tò fún àwọn ẹlòmíràn ni ó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó kí ó tó rà fún ara rẹ̀. Nígbà náà ni ohun tí a ti kà nínú ìwé wá yé wa. Ní àkókò kan ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, wọn kì í fẹ́ ta Cadillac fún aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ó bá lówó nínú wọn a máa bẹ òyìnbó kan pé kí ó lọ rà á ní orúkọ tirẹ̀, a sì sanwó fún un. Ní ọdún 1936, Victor Hugo Green bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kan jáde tí ń tọ́ka sí ilé ìtura àti ilé oúnjẹ tí aláwọ̀ dúdú lè yà sí lójú ọ̀nà láìsí ìtìjú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1949, ìwé ìròyìn Ebony kọ àròkọ lórí ìdí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ń ra Cadillac. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó ra ilé ní àdúgbò tí ó wù ú, tí wọn kò sì gbà sí hòtẹ́ẹ̀lì, ó kéré tán, ojú títì kò lè lé e. Kì í ṣe afẹ́ lásán ni ọkọ̀ náà jẹ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìtàn àwọn ẹlòmíràn ṣe àwíjàre. Ní oṣù tí a ra ọkọ̀ yìí, a ti ṣèlérí fún Bàbá pé a ó fi owó páànù ránṣẹ́ láti tún òrùlé ilé wa ṣe ní Kétu, ilé tí kò jìnnà sí Àkaba Ìdènà. Òjò ti ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí ó jẹ́ àgbà láàárín wa, kọ́kọ́ kìlọ̀. Lẹ́yìn náà òun náà jókòó sínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀, ó sì dákẹ́. A ní a ó rà á ná, a ó fi owó Bàbá ránṣẹ́ ní oṣù tí ń bọ̀. Oṣù náà dé, a ra táyà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, a tún kábúrétọ̀ ṣe. Ẹni tí ó ra ẹṣin, koríko kò ní tán lọ́rùn rẹ̀: bí a bá rin kìlómítà 100, lítà epo 20 ti lọ. A kò sọ fún Bàbá. Bí ó bá pè, a ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, a ó sì yára dágbére.

Ọmọ àbúrò Bàbá kan ni ó rí àwòrán ọkọ̀ náà lórí tẹlifóònù, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá, nítorí ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Bàbá pè wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan.

«Mo gbọ́ pé ẹ ti ra ọkọ̀ ara ògiri.»

«Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.»

«Ẹ tan án. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.»

A tan ọkọ̀, a sì gbé tẹlifóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè iye sìlíńdà tí ó ní. A ní mẹ́jọ ni.

«Méje ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá èyí tí ó yadi.»

A ti sanwó fún ẹni tí ó yẹ ọkọ̀ náà wò, ó sì ti sọ pé kò sí àbùkù. A wá a títí di ọ̀sán, a sì rí i: wáyà tí ó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn bougie ti là. Nígbà tí a pààrọ̀ rẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì náà tẹ́ bí ẹni. A tún pe Bàbá kí ó gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ pé:

«Ó dára. Gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀. Òrùlé ilé náà ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo òru tí òjò bá rọ̀, ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́ ọ.»

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dọ́là 1,500 wà nílẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà náà, tí a fẹ́ fi pààrọ̀ awọ òrùlé ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni a fi í ránṣẹ́ sí Kétu, a sì fi ìyókù kún un ní oṣù kejì. Wọ́n kan páànù tuntun kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.

Awọ òrùlé ọkọ̀ ṣì ń ṣí títí di òní. Bí àwọn àlejò bá béèrè ìgbà tí a ó tún un ṣe, a máa ń sọ fún wọn pé àkísà àgbà ni. Bí òtútù bá dé tí wọ́n da iyọ̀ sí títì nítorí yìnyín, a máa ń gbé e pamọ́, nítorí iyọ̀ a máa jẹ irin. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kí ó tó wo ohun tí ń dán lókè. Kí ó sì ti kọ́kọ́ béèrè bí ilé ṣe wà.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ojú ọjọ́ bá dára, a máa ń tan ọkọ̀ náà, a ó sì dúró díẹ̀ kí a fetí sí i. Bí a bá ti gbọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, a ó pe Bàbá, kí a tó jáde.