Nípa Títún Pákó Iwájú Ọkọ̀ Ṣe

Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ tú èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ òwe yìí lórí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ti ti ọwọ́ iṣẹ́ kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ibi tí n kò fọkàn sí ni mo ti kọ́ ọ, èyíinì ni inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan, nígbà tí mo tú pákó iwájú rẹ̀, tí mo họ ọ́, tí mo sì tún un kùn.

Mercedes-Benz 300E ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jámánì láti 1985 títí di 1992, tí àwọn ènìyàn wa sì sọ ní V-boot nítorí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí. Bàbá mi, tí í ṣe olùkọ́, ni ó rà á ní tòkunbọ̀, ó sì wà á títí agbára fi tán nínú rẹ̀. Nígbà tí ó sùn, ọkọ̀ náà di ti àwa ọmọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pákó tí ó ti abẹ́ rédíò wá tí ó sì yí jíà ká ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Àbúrò mi obìnrin wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ládípò, wọn yóò rí òmíràn tà fún wa. Bí kò bá sì sí, kí a lẹ ike dúdú mọ́ ọn. Ẹ má fi pákó dá ara yín lágara.”

Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun méjì ni kò jẹ́ kí n gbà á. Èkínní ni igi náà fúnra rẹ̀. Zebrano ni àwọn oníṣòwò ń pè é, nítorí ìlà dúdú àti ìlà pípọ́n tí ó tò lára rẹ̀ bí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Kì í ṣe igi ilẹ̀ Jámánì rárá. Inú igbó Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù ni ó ti ń hù, ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ méjèèjì sì wà nínú igbó Korup, tí kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ wa. Igi náà ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi kà á mọ́ àwọn tí ìparun ń halẹ̀ mọ́. Ẹ rò ó wò: a gé igi ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa, a fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Yúróòpù, wọ́n là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú mọ́tò, ó sì tún ti ojú òkun padà wá sí àgbàlá bàbá mi. Ohun tí ó rin ìrìn báyìí kò yẹ ní jíjù sí ààtàn nítorí pé ojú rẹ̀ ṣá.

Èkejì sún mọ́ ọkàn mi ju ti ìṣáájú lọ. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró lójú ọ̀nà, bàbá mi a máa fi òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan pákó náà ní ẹ̀gbẹ́ jíà, kó, kó, kó, bí ẹni ń ka iye ọkọ̀ tí ó wà níwájú. Ó ṣe èyí fún ọdún púpọ̀, títí òrùka náà fi dá ihò tínńtìntín sí ara pákó, bí ibi tí adìẹ ti ṣa ọkà lórí ilẹ̀ rírọ̀.

Ní ti títú u, orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò ni mo kọ́kọ́ tú wáyà rẹ̀, kí iná má baà ṣẹ́ nígbà tí mo bá fọwọ́ kan wáyà inú. Lẹ́yìn náà ni mo yọ àwo eérú sìgá, nítorí pé ẹ̀yìn irú ibi bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ máa ń fi súkúrù pamọ́ sí. Súkúrù kọ̀ọ̀kan tí mo yọ ni mo fi sínú agolo, mo sì kọ ibi tí ó ti wá sí ara bébà. N kò fi irin sukudiráfà wọ́ pákó náà jáde. Igi pẹlẹbẹ tí mo fi aṣọ wé ni mo lò, díẹ̀díẹ̀, láti igun dé igun. Wáyà bọ́tìnnì fèrèsé ni mo tú kẹ́yìn, lẹ́yìn tí mo ti so àmì mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé pákó náà lọ sọ́dọ̀ bàbá káfíńtà kan ní Ìbàdàn. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe igi ni o gbé wá yìí, awọ igi ni. Awọ a sì máa tán.” Òótọ́ ni ó sọ. Igi náà kò nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Fáníìṣì tí ó bò ó nípọn jù ú lọ. Fáníìṣì yìí ni ó sán, kì í ṣe igi. Bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn pẹ̀lú fèrèsé títì, iwájú rẹ̀ lè gbóná ju 60 digiri lọ ní òṣùwọ̀n Celsius. Bí igi ti ń wú tí ó sì ń sún kì, fáníìṣì tí ó ti gan kò lè bá a wú kí ó sì bá a sún kì, ó sì di dandan kí ó ya.

Bàbá náà kọ́ mi bí a ti ń fi irin pẹlẹbẹ họ fáníìṣì. Ó ní kí n máa wo ohun tí ń bọ́ sílẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ó bá funfun, kí n máa bá iṣẹ́ lọ, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo ti dé ara igi nìyẹn, kí n dáwọ́ dúró. Sáńpépà 240 ni mo fi gbo ó lẹ́yìn náà, lẹ́yìn rẹ̀ 400, pẹ̀lú ìbòmú ní imú mi, mo sì ń tọ ìlà igi lọ, n kò dá a kọjá.

Nígbà tí a dé ibi òrùka, bàbá náà ní òun lè po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù, kí òun fi dí ihò wọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Oòrùn ni ó sán fáníìṣì, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó dá ihò yìí sí i. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.” Kò bi mí ní ìdí. Ó kàn ní kí n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ta fáníìṣì sínú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rinrin má baà ráyè wọ abẹ́ awọ igi.

Ojú ọjọ́ ni ó dá wa dúró lẹ́yìn náà. Bí a bá fín irú fáníìṣì bẹ́ẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sọ ọ́ di funfun bí ojú tí ó fọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku a lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró de ọjọ́ tí ó mọ́. Ìgbà mẹ́jọ ni a fín in, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Láàárín ìgbà kan sí èkejì, mo fi sáńpépà 600 àti omi gbo ó. Mo fi 1500 parí rẹ̀, mo sì fi aṣọ dán an, títí ìlà igi náà fi hàn bí ẹni pé abẹ́ omi mímọ́ ni ó wà.

Lọ́jọ́ tí mo dá a padà sáyè rẹ̀, àbúrò mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jíà. Ìka rẹ̀ bá àwọn ihò náà pàdé. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Wọ́n ṣì wà níbí.” N kò bi í bóyá ihò ni ó ń wí ni, tàbí bàbá wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, ọ̀pọ̀ ohun ni a ó fi lé yín lọ́wọ́ láti tún ṣe: ìwé, ilé, àṣà, pàápàá ọmọ ènìyàn. Ẹ má ṣe kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Kí ẹni tí ó bá mú irin dání kọ́kọ́ mọ èyí tí í ṣe fáníìṣì àti èyí tí í ṣe igi. Ẹ họ ohun tí oòrùn bàjẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n bí ohun tí ń bọ́ sílẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ dáwọ́ dúró, nítorí pé awọ igi kì í hù padà.