Ọba Minos ló ṣẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi bọ́ ẹranko! Ẹ wá wo Knossos, ìlú tí wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Bíbélì á rántí Krete, erékùṣù tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sí. Gíríìsì ló ni ín, àárín òkun ló sì wà. Heraklion ni olú ìlú wọn. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, bíi kìlómítà 5 péré lẹ máa rìn kẹ́ ẹ tó dé Knossos, ibi tí ààfin Minos wà. Èrò ibẹ̀ máa ń pọ̀ bí ọjà, ohun tí wọ́n sì ń wá kiri ò ju ọ̀kan lọ: ibo ni ẹranko yẹn wà?

Ìtàn náà rèé. Poseidon, òrìṣà òkun wọn, fi akọ màlúù funfun kan ránṣẹ́ sí Minos pé kó fi rúbọ sóun. Màlúù náà wu ọba, ló bá gbé e pamọ́, ó fi òmíràn rúbọ. Ojúkòkòrò pọ́ńbélé! Inú bí òrìṣà, ó mú kí ọkàn ìyàwó ọba fà sí màlúù náà. Ohun tí obìnrin yìí bí, orí màlúù ló ní, ara ẹ̀ sì jẹ́ ti èèyàn. Minotaur ni wọ́n ń pè é. Ojú ti ọba, ó ní kí Daedalus kọ́ ilé kan tí ọ̀nà ẹ̀ lọ́ mọ́ra, tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ò ní mọ ibi tí yóò gbà jáde. Ibẹ̀ ló tì í mọ́.

Kí ló wá ń jẹ? Èèyàn ni! Ọmọ Minos kan kú sí Áténì, ọba sì fi ìyẹn kẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa kó ọmọkùnrin 7 àti ọmọbìnrin 7 wá fóun ní ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kó wọn wá, ọmọ 28 wọlé, ẹnì kan ò jáde. Ẹ gbọ́ ná, ta ló jẹ òrìṣà ní gbèsè?

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Theseus, ọmọ ọba Áténì, ọ̀dọ́kùnrin tí ò tíì gbé níyàwó, yọ̀ǹda ara ẹ̀. Ariadne, ọmọ Minos, rí i, ìfẹ́ ẹ̀ sì kó sí i lórí. Ọmọ ìyá kan náà lòun àti ẹranko yẹn o! Síbẹ̀, ó fún Theseus ní òwú. Theseus so etí òwú mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń tú u lọ títí tó fi kan Minotaur nínú òkùnkùn, ó pa á, ó sì tẹ̀ lé òwú jáde. Agbára ló fi pa ẹranko, òwú obìnrin ló mú un délé.

Arthur Evans, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ààfin náà lọ́dún 1900. Ẹ máa rí yàrá ìtẹ́, ẹ máa rí òpó pupa tó fi kọnkéré tún ṣe, àwọn ọ̀mọ̀ràn sì ṣì ń bínú sí i nítorí kọnkéré yẹn. Àwòrán màlúù tí èèyàn ń fò kọjá lẹ́yìn ẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Heraklion. Ilé tó lọ́ mọ́ra nìkan ni wọn ò rí lábẹ́ ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá ààfin yẹn pọ̀ débi tó fi lè dàrú mọ́ àlejò lójú. Lóṣù keje ọdún 2025, UNESCO kọ Knossos àti ààfin 5 mìíràn ní Krete sínú ìwé ogún àgbáyé.

Ní gúúsù erékùṣù náà, nítòsí Gortyn, ihò kan wà tí wọ́n ti wa òkúta láyé àtijọ́. Ọ̀nà inú ẹ̀ lé ní kìlómítà 2, ó sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àìmọye arìnrìn-àjò ló gbà pé ibẹ̀ gan-an ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Jámánì kó ohun ìjà sí i.

Ẹ má rò pé ìtàn náà parí sáyọ̀. Wọ́n ní ojú oorun ni Theseus fi Ariadne sílẹ̀ sí ní erékùṣù Naxos. Ó tún gbàgbé láti ta ìgbòkun funfun tó bá bàbá ẹ̀ ṣe àdéhùn ẹ̀. Dúdú ni Aegeus rí lókèèrè, ó rò pé ọmọ òun ti kú, ló bá bẹ́ sókun. Tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ ojú omi láti Áténì lọ sí Heraklion, òkun tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà, Aegean, lẹ máa gbà.