Owó Ìdíje ní Ojúde Ọba

Bí ọjọ́ kẹta Iléyá bá pé, Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkàn Ìjẹ̀bú ń fà sí. Iwájú ààfin ni ojúde ọba, ibi tí gbogbo ọmọ ìlú ní ìpín. Ìtàn so àjọ̀dún náà mọ́ Balógun Kúkù àti àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀.

Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lè tó òǹwòran. Ìdíje ni ó ń gbọ́n àpò gbẹ. Àwọn ìdílé Balógun ń du ipò kìíní lórí ẹṣin, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sì ń du tiwọn nínú aṣọ òun ijó. Ẹṣin yóò jẹun, olùtọ́jú rẹ̀ yóò gbowó. Gàárì, aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ àti onílù ńkọ́?

Ojúgbà mi kan jókòó sílé lọ́dún kan nítorí pé kò rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san. Ọjọ́ orí ni ó sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Owó ni kò jẹ́ kí ó bá wọn jó. Ó dùn mí. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó wàjà ní 2025, jí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dìde fún ìlọsíwájú ìlú, kì í ṣe fún gbèsè.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú aṣọ tí apá mẹ̀kúnnù ká. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu.

Ire o.